Wáyà Ọlọ́rọ̀ Méjìlá

Ní ọdún 1978, obìnrin oníṣòwò aṣọ kan mú wáyà, ìyẹn iṣẹ́ kúkúrú tí a ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ránṣẹ́ nígbà náà, wá bá mi ní káńtà iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ó ní kí n bá òun kà á nítorí pé òun kò mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ méje péré ni ó wà nínú rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni gbogbo wọn, kò sí àmì kankan lórí wọn tàbí nísàlẹ̀ wọn, bí ẹ̀rọ ṣe máa ń tẹ̀ wọ́n jáde nígbà náà: OKO TI DE APAPA MAA BO LOLA. Mo mọ̀ pé ọkọ obìnrin yìí ti wà ní Ìlú Ọba fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, nítorí èmi gan-an ni mo máa ń bá a kọ lẹ́tà sí i. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kà á sókè pé, "Ọkọ ti dé Àpápá, máa bọ̀ lọ́la." Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì, níwájú gbogbo àwọn tí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo tu ọkọ̀ tí ó gbé ọkùnrin náà dé. Wọ́n ní ó se oúnjẹ fún gbogbo agboolé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ró aṣọ òkè tí ó fi ṣe ìyàwó lọ sí Èkó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí ó bá ní èbúté Àpápá ni ọkọ̀ akẹ́rù kan, èyí tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti bá a fi owó ọjà rà láti òkè òkun, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti ń retí láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn.

Ó pa dà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kò bú mi, kò sì pariwo. Ó tẹ́ bébà náà síwájú mi lórí káńtà, ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ohun tí ẹ kà fún mi yìí ni ó wà níbẹ̀?" Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní ohun náà ni ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, pé bí a kò bá fi àmì sí i, bákan náà ni a óò ṣe kọ ọkọ tí ó fẹ́ ni, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, oko tí a ń ro, ọkọ́ tí a fi ń ro ó, àti ọ̀kọ̀ tí àwọn jagunjagun ń mú lọ sí ogun. Kò sí irọ́ nínú àlàyé náà, ṣùgbọ́n bí mo ti ń ṣe é ni ojú ń tì mí, nítorí pé kì í ṣe ohun tí ó bi mí nìyẹn. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí, ó ká bébà rẹ̀, ó fi há ìdí ìró, ó sì lọ.

Ìtàn yìí ni ohun kejì tí mo kọ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì. Ohun àkọ́kọ́ kò dára rárá, n ó sì dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọdún 1975 ni mo wọ iṣẹ́ ìjọba, ní ẹ̀ka tí tolórí tẹlẹ́mù mọ̀ sí P&T, èyí tí ó ń bójú tó lẹ́tà, wáyà àti tẹlifóònù pa pọ̀, kí wọ́n tó là á sí méjì ní ọdún 1985, tí tẹlifóònù lọ sí ọ̀dọ̀ NITEL, tí lẹ́tà sì dúró sí apá kejì tí a mọ̀ sí NIPOST lónìí. Iṣẹ́ tí ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí ni títa sítáǹbù, gbígba rẹ́jísítà àti sísan owó mọ́níọ́dà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ mìíràn a bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn akọ̀wé-lẹ́tà wà níta tí wọ́n gbé tábìlì àti tapúrétà kalẹ̀ sábẹ́ igi, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀wé. Èmi kì í gba owó, bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá kan fi máa ń dúró dè mí. Wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èmi náà a jókòó tì wọ́n, n ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tí gbogbo wa mọ̀ nígbà náà: "Ìdí pàtàkì tí mo fi kọ ìwé yìí sí ọ ni láti béèrè àlàáfíà rẹ. Bí ó bá jẹ́ pé dáadáa ni o wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Mo lè fi ojú dídì kọ ọ́. Mo rò pé mo ti fi ojú dídì kọ ọ́ rí.

Ìyá kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Kò béèrè owó, kò ráhùn. Lẹ́yìn tí mo ti kọ ti àlàáfíà tán, ó ní, "Kọ ọ́ pé igi ọsàn tí ó gbìn sẹ́yìnkùlé ti so. Mẹ́rin ni ó so. Mo jẹ mẹ́ta, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ dè é." Bébà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ilẹ̀ ti ń ṣú, ebi sì ń pa mí. Mo kọ ọ́ pé, "Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé nílé." Ó ní kí n ka ohun tí mo kọ fún òun, mo sì ka ti ọsàn náà sókè bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. N kò mọ̀ bóyá ọmọ náà wálé kí ọsàn ìyá rẹ̀ tó rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ó bá wálé, kì í ṣe lẹ́tà tí mo kọ ni ó sọ fún un pé ọsàn kan ń dúró dè é.

Nígbà tí fóònù alágbèéká dé sí orílẹ̀-èdè yìí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, àwọn tí ń wá kọ lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, wáyà ní tirẹ̀ ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2010, tí mo sì fẹ̀yìntì ní ẹni ọdún 58, ó lè pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mú lẹ́tà tí a fi ọwọ́ kọ wá sí káńtà. Ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e kò ní ohun púpọ̀ tí mo lè sọ nípa rẹ̀. Mo ta ayò. Mo gbọ́ ìròyìn orí rédíò lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ìyàwó mi, tí ó ṣì ń lọ sọ́jà, wí fún mi lọ́jọ́ kan pé bí mo ṣe ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí, àfi bí ẹni tí ń retí kí wọ́n wá fi lẹ́tà jíṣẹ́ fún.

Ní ọdún 2013 ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dágbére fáyé. Àwọn ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé tí a óò tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú, nítorí pé èmi ni mo jẹ́ akọ̀wé. Wákàtí méjì ni mo fi kọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, ilé ìwé tí ó lọ, ibi tí ó ti ṣiṣẹ́, iye ọmọ, iye ọmọ ọmọ, oyè tí wọ́n fi í jẹ nínú ìjọ: kò sí ohun tí mo fò. Nígbà tí wọ́n ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Bàbá, ta ni wọ́n ń ka ìtàn rẹ̀ yìí?" Mo ní bàbá rẹ̀ àgbà ni. Ó wo pátákó tí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sí, ó mi orí, ó sì dákẹ́. Kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ojú ewé méjì náà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ láti ẹnu ara rẹ̀. "Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé nílé" ni mo tún kọ. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kò dára.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo ra ìwé ìkọ̀wé olójú ewé ọgọ́rin, mo sì gbìyànjú láti kọ nípa ẹ̀gbọ́n mi. Kò wá. Mo wá kọ nípa obìnrin tí ó ni wáyà, nítorí pé ìyẹn kò tí ì fi mí lọ́rùn sílẹ̀ láti ọdún 1978. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ ojú ewé mẹ́sàn-án. Nígbà náà, àgùnbánirọ̀ kan, ọmọbìnrin ará Èkìtì, háyà yàrá kan nínú ilé wa, ó sì ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ilé ìwé gíga kan ládùúgbò. Mo fún un pé kí ó bá mi kà á, mo sì rò pé yóò yìn mí. Ó kúnlẹ̀ gbé ìwé náà pa dà fún mi lọ́jọ́ kẹta, ó fi gbogbo ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gègé pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ojú ewé náà tán.

Àkọtọ́ tí wọ́n fi kọ́ mi ní ilé ìwé ní nǹkan bí ọdún 1960 ni mo fi kọ ọ́. "Aiye" ni mo kọ, kì í ṣe "ayé". Mo kọ "nwọn" fún "wọ́n", "yio" fún "yóò", "enia" fún "ènìyàn". Ó ya "nlọ" mi sí méjì, ó di "ń lọ". Ní ọdún 1974, ìyẹn ọdún kan kí n tó wọ iṣẹ́, ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò lónìí. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ogójì ọdún tí mo ti ń kọ Yorùbá fún àwọn aráàlú lójoojúmọ́ láì gbọ́ pé wọ́n ti yí i pa dà. Mo jiyàn. Mo rán an létí pé Abẹ́òkúta tí ó wà yìí ni Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ọdún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa, pé ìlú tí ó ti ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá kí wọ́n tó bí baba ńlá rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ "aiye". Ó ní, "Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn náà ti pẹ́ ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ní ọdún 1875 àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ti ṣe ìpàdé ní Èkó lórí rẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n pe ọ̀rọ̀ náà kí n sì tẹ́tí sí ẹnu ara mi, bóyá n ó gbọ́ "i" kankan láàárín rẹ̀. N kò gbọ́. Títí di òní, "aiye" ṣì lẹ́wà lójú mi ju "ayé" lọ, ṣùgbọ́n etí ni ó ni èdè, kì í ṣe ojú.

Ohun tí ó wá mú mi tẹrí ba ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ bá àkọtọ́ mi jà tó bí ó ṣe bá àmì ohùn mi jà, nítorí n kò fi ẹyọ kan sí i. Ó ní, "Bàbá, ìtàn tí ẹ kọ yìí, ìtàn ohun tí àìfàmìsí ṣe fún obìnrin kan ni, ẹ kò sì fi àmì sí i." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ ọdún 23 ni, èmi sì ti lé ní ọgọ́ta. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi mí bí mo ṣe di ẹni tí ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ sọ́nà nínú ìwé kíkọ, ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀: èmi ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́. Òun náà ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi fóònù kọ Yorùbá, àti ìdí tí àmì mi fi máa ń di àpótí ṣófo nígbà mìíràn bí mo bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ó ní kọ̀ǹpútà ní "ẹ" gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n kò ní "ẹ́". Ńṣe ni a ń gbé àmì náà lé e lórí lọ́tọ̀, bí ìgbà tí a gbé fìlà lé ọmọdé lórí, kì í sì í ṣe gbogbo orí ni ó ń gba fìlà.

Àwọn ọmọ méjì láti ilé ìwé rẹ̀ máa ń wá bá a ní ọjọ́ Sátidé láti kọ àròkọ, ẹ̀yìn ìjókòó mi lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n sì máa ń jókòó sí. Nígbà tí ó parí ìsìnrú ìlú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún yín." Mo rò pé yóò jẹ́ fún oṣù kan tàbí méjì. Àwọn méjì yẹn ti lọ sí yunifásítì, wọ́n sì ti parí, ṣùgbọ́n àga kò ṣófo láti ìgbà náà. Wọ́n pé méje lọ́wọ́lọ́wọ́: ọmọ ilé ìwé mẹ́ta, ọmọbìnrin kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ọmọkùnrin kan tí ó wà ní pólì, obìnrin olùkọ́ kan tí ó ti lé ní ogójì ọdún, àti ìyá àgbà kan tí kò mọ̀wé, tí ó máa ń wá jókòó láti gbọ́. Bàbá Wáyà ni wọ́n ń pè mí.

Orúkọ yẹn kò ṣẹ̀yìn iṣẹ́ tí mo máa ń fún wọn. Ní ayé wáyà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń sanwó lé lórí, nítorí náà ẹni tí ó bá dé káńtà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ogún a jókòó, a máa wo èyí tí ó lè yọ tí ìtumọ̀ kò fi ní í yọ pẹ̀lú rẹ̀. N kò tí ì rí ilé ìwé tí ó kọ́ ènìyàn ní ìwé kíkọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá darapọ̀ mọ́ wa, wáyà ni yóò kọ́kọ́ kọ: ọ̀rọ̀ méjìlá, gbogbo àmì rẹ̀ pé, sí ẹnì kan tí ó mọ̀ dáadáa. Bí ó bá kọjá méjìlá, yóò san ogún náírà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó lé, a ó sì fi owó náà ra gúgúrú àti ẹ̀pà. Lẹ́yìn wáyà ni mo máa ń sọ fún wọn nípa àrokò, èyí tí àwọn baba wa ń fi ránṣẹ́ kí ìwé tó dé: ẹni tí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sí òun, ẹni tí ó bá sì gba mẹ́jọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra. Wọ́n máa ń fẹ́ràn èyí ju gbogbo ohun tí mo mọ̀ lọ. Wọ́n sì tètè ń rí i pé àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ nìkan ni ó ya àrokò sọ́tọ̀ sí àròkọ.

Òfin kejì kò gbajúmọ̀. Mo kà á léèwọ̀ fún wọn láti fi òwe bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Òbí kan wá bá mi lórí èyí, inú bí i gidigidi, ó ní irú Yorùbá wo ni èyí tí àgbàlagbà ń gba òwe lẹ́nu ọmọ, ṣé n kò mọ̀ pé òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀ ni. Mo ní mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tí ì mọ ibi tí ó ń lọ, kí ni yóò fi ẹṣin ṣe? Òwe a máa jẹ́ kí ọmọdé sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ti gbà kí ó tó wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí. Òun náà ni arákùnrin "Ìdí pàtàkì tí mo fi kọ ìwé yìí". Èmi tí mo ti fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bo ọsàn ìyá kan mọ́lẹ̀, mo ní ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ra fún un.

N kò mọ iṣẹ́ yìí ṣe tó bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ọmọ kan wà tí ó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tí wáyà àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu mi: "Ìyá mi, ọ̀gá jẹ́ kí n tú odindi ẹ́ńjìnnì fúnra mi lónìí." Ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, méjìlá géérégé ni. Mo yìn ín, mo sì ní kí ó kọ ohun tí ó gùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú ojú ewé mẹ́rin wá nípa bàbá rẹ̀, nípa bí ọkùnrin náà ṣe máa ń nà án àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan pàtó. Mo gba bébà náà, mo mú gègé, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́ sí í tún àmì ohùn rẹ̀ ṣe. Mo dé ojú ewé kejì kí n tó mọ ohun tí mo ń kà. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ọmọ náà kò wo mí mọ́, ilẹ̀ ni ó ń wò. Kò pa dà wá. Mo rí i ní Láfẹ́nwá ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá," ó sì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, mo máa ń ka iṣẹ́ wọn tán ní ẹ̀ẹ̀kan, ọwọ́ mi á wà lórí itan mi, kí n tó wá gègé kiri.

Ọmọbìnrin aránṣọ ni ó jàǹfààní èyí. Ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ aládìrẹ ní Ìtòkú, ó sì ti pinnu láti kọ gbogbo ohun tí ìyá náà mọ̀ sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ bí ìwé ilé ìwé: wọ́n ń ṣe báyìí, wọ́n ń ṣe bọ́ọ̀hún. Mo ní kí ó lọ kà á fún ìyá náà. Nígbà tí ó dé ibi tí ó kọ pé àwọn aládìrẹ máa ń "po aró pọ̀ mọ́ aṣọ", ìyá náà dá a dúró. Ó ní ẹ̀kọ ni à ń pò, aṣọ ni à ń rẹ, àti pé bí a bá yọ rírẹ kúrò nínú àdìrẹ, kí ni ó kù? Láti ìgbà náà ni ìwé náà ti yí pa dà. Ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ń fa ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ìkòkò aró tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ, omi eérú tí ìyá náà máa ń fi ahọ́n tọ́ wò kí ó tó gbà pé ó ti kan: gbogbo rẹ̀ wọlé. Ó fi ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà ń sọ nígbà tí aró kò bá mú sí i, èyí tí n kò lè kọ síbí nítorí pé ìyá náà kì í fi ọ̀rọ̀ bò.

Ojú ewé ogójì ni ó ti kọ sórí fóònù rẹ̀ nígbà tí wọ́n jí fóònù náà ní gáréèjì Kútọ́. Kò fi ẹ̀dà pa mọ́ síbì kankan. Ó wá bá mi pẹ̀lú ojú tí ó wú, ó ní òun kò kọ mọ́. N kò rí ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ, nítorí náà mo sọ ìtàn lẹ́tà tí ó sọnù, èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ mi. Mo ní Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ń ṣọ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìwé náà sì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó kú ní ọdún 1901, kò rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1916, wọ́n fi èyí tí ó tún kọ náà sínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú ọkọ̀ yẹn lójú òkun, wọ́n sì gbé e gba Amẹ́ríkà lọ. Ẹrù ìwé náà rìn kiri kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé. Ọdún 1921 ni ìwé náà jáde. Obadiah náà ti kú ní ọdún kan ṣáájú.

Mo rò pé yóò sunkún sí i. Ohun tí ó bi mí ni pé, "Ṣé àbúrò yẹn náà jẹ́ òǹkọ̀wé ni?" Mo ní rárá o, oníṣègùn òyìnbó ni. Ó ronú sí i fún ìgbà díẹ̀, ó ní ó dáa nígbà náà, òun ṣáà mọ iṣẹ́ yìí ju bí oníṣègùn ṣe mọ ìtàn lọ, ìyá òun àgbà sì ṣì wà láàyè tí òun lè tún bi léèrè. Ó ti tó ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n báyìí. Ìwé ìkọ̀wé olójú ewé ọgọ́rin ni ó ń kọ ọ́ sí, mo sì ń bá a ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan sórí fóònù tèmi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni mí. Bí lẹ́tà bá tún sọnù lọ́wọ́ mi, tèmi ti bàjẹ́.

Àwọn ènìyàn máa ń kí mi pé mo ń fi ọgbọ́n àgbà ta àwọn ọ̀dọ́ lọ́rẹ. N kò rò pé ọgbọ́n ni. Ohun tí mo ní tí wọn kò ní lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni àkókò: mo lè jókòó fún wákàtí kan ti ọmọ tí ó ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sí ọ̀gá tí yóò pè mí, kò sí ẹni tí ó tò sẹ́yìn rẹ̀, ebi kì í sì í tètè pa mí mọ́. Nígbà tí mo wà ní káńtà, gbogbo ohun tí mo ṣaláìní nìyẹn. Ojú mi ń ṣe bàìbàì, mo sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ọjọ́rú ni mo ti máa ń ronú nípa ohun tí wọn yóò mú wá ní Sátidé. Ìyàwó mi ní n kì í jókòó bí ẹni tí ń retí lẹ́tà mọ́. Mo ní mo ń retí rẹ̀, ó ń dé ni.

Ní oṣù tí ó kọjá, wọ́n dìtẹ̀ mọ́ mi. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí Bàbá Wáyà ti ń fún ènìyàn níṣẹ́, òun náà kò sì kọ wáyà rí. Wọ́n fún mi ní ọ̀rọ̀ méjìlá, wọ́n sì yan ẹni tí n ó kọ ọ́ sí: ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Mo fa á ya, mo tún un kọ, mo jí lóru lẹ́ẹ̀mejì láti yí ọ̀rọ̀ kan pa dà. Ní Sátidé tí ó kọjá, mo kà á fún wọn: "Ẹ̀gbọ́n, mo kọ ọjọ́ tí wọ́n bí yín, mo gbàgbé bí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín."

Kò sẹ́ni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí tí ó kéré jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á, ó sì kéde pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Mo ní rárá, mẹ́rìnlá ni, nítorí pé nínú àkọtọ́ tí wọ́n fi kọ́ mi, "nrẹrin" ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Wọ́n ní láti ọdún 1974 ni wọ́n ti yà á. Mo san ọgọ́ta náírà, ọmọbìnrin aránṣọ sì lọ ra gúgúrú.